Bí Mo Ṣe Lọ Gba Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Àgbà Lórí Omi Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ará Ṣakí, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń yọjú sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé mo sùn lórí omi. Mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá tún kan ilẹ̀kùn lè máa kà á, kí èmi náà lè ráyè se ọbẹ̀.

Lóòótọ́ ni. Mo sùn lórí omi, mo jẹun lórí omi, mo sì ṣubú sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò kú.

Ẹ mọ̀ pé ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Inú maikirosikóòpù ni ojú mi máa ń wà. Àpáta ni mo mọ̀. Omi tí mo mọ̀ jù ni odò Ọ̀fìkì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewúrẹ́ lè là kọjá kí ìrù rẹ̀ má tutù. Èmi kọ́ ló yẹ kí wọ́n rán lọ sí etí òkun, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ló rán mi.

Ohun tí ọ̀gá mi ń wá rèé. Ẹ mọ àrùn ìgbàgbé, èyí tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá lágbájá ti ń ṣarán, tí a sì máa ń fi dá ìyá lágbájá lẹ́jọ́ pé àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Kì í ṣe àjẹ́. Ọpọlọ ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la agbárí èèyàn láti wò ó? Ẹ̀jẹ̀ ló rọrùn láti rí. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, hóró pupa tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà. Awọ kan bo hóró kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́lẹ́ ju awọ inú èèpo ẹyin lọ. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ohun tí Ọlọ́run fi ṣe awọ náà, ó sì yẹ kó rọ̀, kí hóró náà lè ká ara rẹ̀ kò, kó gba ọ̀nà tóóró inú ara kọjá. Àwọn onímọ̀ ti ń rí i pé lára àwọn kan tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe, awọ yìí máa ń yí padà, ó sì lè le ju bó ṣe yẹ lọ. Tí a bá mọ̀ ọ́n kà dáadáa, bóyá lọ́jọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa ta wá lólobó kí ìgbàgbé tó wọlé.

Ibi tí ẹja ti wọ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀rá inú oúnjẹ wa máa ń dé inú awọ yẹn, pàápàá ọ̀rá ẹja. Ọ̀gá mi ti gba ẹ̀jẹ̀ àwa ará òkè tí a ń jẹ ọkà àti ẹran màlúù. Àwọn kan wà nínú yín tí mo gún lábẹ́rẹ́ tí wọn kò tíì dárí jì mí títí dòní. Ó wá ku ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹja láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

"Ìlàjẹ," ni ọ̀gá mi wí.

Mo ní, "Ṣé kò sí apẹja nítòsí Ìbàdàn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti buwọ́ lu ìwé.

Ibi tí ilẹ̀ parí sí

Ní Igbókòdá, ọ̀nà mọ́tò kàn dúró ni. Ẹ ó máa bọ̀ láàárín ilé àti ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé ìlú ṣì ń lọ níwájú, àfi gìrì, omi ni. Ọkọ̀ ojú omi tò síbẹ̀ bí mọ́tò ṣe ń tò ní gáréèjì. Òórùn ẹja yíyan gbá mi mú kí n tó sọ̀kalẹ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín, ebi pa mí lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀bùn ló wá pàdé mi. Ọmọ ibẹ̀ ni, òun ni yóò máa mú mi kiri. Ó gbé àpótí yìnyín mi lé orí bí ẹni dé fìlà, ó kọjá lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀. Ó wá mú mi mọ awakọ̀ wa, bàbá kan tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tó fẹ̀ láyà, tó sì máa ń fi ojú kan rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kí ni orúkọ yín, sà?"

"Omíyalé."

"Ṣé ìnagijẹ ni, sà?"

"Rárá o, àbísọ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni omi wọ inú ilé wa. Wọ́n ní orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n gbé èmi àti Màmá mi lé, wọ́n sì so ọkọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, bóyá a óò nílò rẹ̀."

Ẹ bá mi rò ó. Èmi tí n kò mọ̀wẹ̀ rárá, ẹni tí yóò wà mí lórí omi ń jẹ́ Omíyalé! Mo wo ojú ọ̀run, mo wo ẹ̀yìn mi, mọ́tò tó gbé mi wá ti yí padà. Ọkùnrin náà ju ẹ̀wù adóòlà sí mi.

"Ẹ wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rì, àfi kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ ọ."

Wákàtí àkọ́kọ́, n kò wo ibì kankan ju àpótí yìnyín tó wà láàárín ẹsẹ̀ mi lọ. Ìgbà tí mo wá gbójú sókè, mo kábàámọ̀ pé mo ti pẹ́ kí n tó wò. Omi náà dúdú ó sì ń dán, àwọsánmà wà nínú rẹ̀ lódindi. Igi ẹ̀gbà tò sí ọ̀tún àti òsì, gbòǹgbò wọn dúró gàgà lókè omi bí àgbààgbà tó ká ṣòkòtò sókè kó má bàa tutù. Ẹyẹ funfun ń wò wá kọjá bí ẹni tó ti mọ iye wa.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọlọ́kadà wa gbọ́. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ wa bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ àjẹ̀ tí èèyàn ń fi ọwọ́ tù, Omíyalé á pa ẹ́ńjìnì rẹ̀ sílẹ̀ di jẹ́jẹ́, kí ìgbì wa má bàa da omi sínú ọkọ̀ onítọ̀hún. Á kí i, onítọ̀hún á dáhùn, wọ́n á béèrè ará ilé, kó tó tún ṣí iná sí i. Nítòsí Òde Ùgbò, ọkọ̀ àjẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ìkíni rìn ju bí a ṣe fi ẹ́ńjìnì rìn lọ.

"Tí ẹnì kan bá sáré kọjá ńkọ́?" ni mo bi í.

"Wọ́n á mọ ilé tó ti jáde," ló wí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Omi kí mi káàbọ̀

Ní Molútẹ̀hìn, ìlú tí a ń lọ, orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé tí mo rí dúró sí. Pákó ni wọ́n fi so ilé mọ́ ilé, òun ni títì wọn. Àwọn obìnrin ń gbé agbada ẹja kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọn kò wo ẹsẹ̀. Èmi wò ó, mo sì fi ọwọ́ àti eékún rìn ín bí ọmọ tó ń rá.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin nígbà tí ojú tì mí. Mo ní kí n dìde, kí n wọlé bí èèyàn. Ìdìde yẹn ló mú mi ṣubú. Omi náà kò ju ìbàdí lọ, ṣùgbọ́n igbe tí mo ké, ẹ ò bá rò pé òkun ló gbé mi.

Ẹ wá wo ìwà ọmọlúàbí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fà mí jáde, wọ́n fún mi láṣọ, wọ́n da omi gbígbóná fún mi. Gbogbo wọn ń sọ pé "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" pẹ̀lú ojú tó le bí ti onídàájọ́. Mo wá jókòó tán, mo ti gbẹ. Ìgbà náà ni ìyá arúgbó kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Omi ti kí ọ káàbọ̀, ọma mi," ó sì bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe rẹ́rìn-ín ni gbogbo ilé gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di òpó mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ni mo ti di ará ilé.

Ìyá náà ni Màmá Omíyalé, ìyá awakọ̀ wa. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó tín-ín-rín, apá rẹ̀ sì le bí okùn àwọ̀n. Ó sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà," ó ní, "o ti pẹ́ jù. Àwọn ọmọ ti ń dúró."

Mo ní, "Màmá, èmi kì í ṣe Tíṣà. Láti Ṣakí ni mo ti wá."

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùn rọra sọ ọ́ sí mi létí. "Tíṣà kan gbé ilé wọn nígbà kan rí, àǹtí. Ó ti pẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kó máa pè yín bẹ́ẹ̀."

Mo jẹ́ kó máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Orí ẹja

Èdè wọn kọ́kọ́ rú mi lójú. Yorùbá náà ni, gbogbo wọn ló sì ń bá mi sọ tiwa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọjú síra wọn, bí ẹni pé èèyàn ń gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò ni. Ilé di *ulé*, ọmọ di *ọma*. Màá gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹ̀kẹrin á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọdún mẹ́rin kan bi ìyá rẹ̀ bóyá etí mi di ni.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Púpurú ni ọkà wọn. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n yan lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. Tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha dúdú ẹ̀yìn kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á rò ó. Ó funfun, òórùn èéfín sì wà lára rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé e ka iwájú mi pẹ̀lú ọbẹ̀ márúgbó, ọbẹ̀ dúdú kan tó rí bí ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Mo fọwọ́ kàn án. N kò tún gbọ́wọ́ kúrò títí mo fi rí ìsàlẹ̀ àwo. Edé wà nínú rẹ̀ tó tóbi bí àtàǹpàkò mi, àti orí òbòkún kan tó ń wò mí lójú.

Mo bi wọ́n bóyá ẹran wà.

"Ẹran?" ni Omíyalé wí. Ó nawọ́ sí orí ẹja náà. "Kí wá lẹ pe èyí?"

Orí ẹja, àlejò ni wọ́n ń fún. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ ti bú onílé. Màmá jókòó tì mí, ó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa tú u: ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọpọlọ, ojú ló kẹ́yìn. "Jẹ ọpọlọ yẹn, Tíṣà. Ìwọ lo ń kọ́ ọmọ."

Ohun méjì tí wọ́n fẹ́ kí n sọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, Omíyalé pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣeré lára okùn kan.

"Àǹtí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Màmá mi ti ń gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wa ọkọ̀ jáde lọ sí etí òkun pé òun ń lọ sí ilé bàbá òun. Òkun ti gbé ilé yẹn lọ tipẹ́tipẹ́. Ìgbà kejì, àwọn apẹja ló bá wa mú un padà, òòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Mo ti gbé àjẹ̀ rẹ̀ pamọ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tí ẹ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣáà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ní kó má wọ ọkọ̀ mọ́. Á gbọ́ tiyín."

Bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ìyá náà fúnra rẹ̀ fà mí wọ yàrá rẹ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Gba tèmi ṣáájú gbogbo wọn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ fún ẹ bí orí èèyàn bá pé. Sọ fún Omíyalé pé tèmi pé. Kó gbé àjẹ̀ mi wá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wà láàárín ìyá àti ọmọ bí ẹja nínú àwọ̀n. Ọkọ̀ ọmọ ni yóò gbé mi délé. Apá ìyá ni gbogbo àwọn àgbà ń wò, bó bá kọ̀, wọ́n kọ̀ nìyẹn. Irọ́ kékeré kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀ mí.

A péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá kan. Àwọn àgbà jókòó lórí àga àti lórí ẹní. Bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun ló kọ́kọ́ bi mí léèrè: "Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ní awọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ewúrẹ́ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ọ́ títí, ojú wọn kàn ń ṣófo sí i. Màmá Omíyalé ló gbà mí. Ó na ọwọ́ sínú agbada tó wà nítòsí, ó mú ẹja kan tí wọ́n ti là, ó fi àtàǹpàkò ti ẹyin inú rẹ̀ jáde.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ṣé hóró kọ̀ọ̀kan kò ní awọ tirẹ̀? Tó bá tutù, ó ń rọ̀, ó ń yọ̀. Ẹ sá a sóòrùn, awọ á le, á máa fọ́ lẹ́nu. Ohun tí Tíṣà ń sọ nìyẹn. Ó fẹ́ wò ó bóyá tiwa ti ń gbẹ."

Mo ti lọ sí ilé ìwé fún ọ̀rọ̀ yìí, n kò gbọ́ àlàyé tó dára jù ú lọ rí.

Bàbá onírùngbọ̀n mi orí. "Ó dáa. Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ ó wá sọ fún wa ta ló ń ṣarán nínú wa?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Omíyalé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá rẹ̀ ti ká apá aṣọ sókè.

Mo ní, "Rárá, sà. Mi ò ní lè sọ. Ohun tí a ń wá, a kò tíì rí i délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín á bá wa wò ó bóyá nǹkan kan wà tí a lè kà lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò tíì lè jẹ́rìí fún ẹnì kan pé orí rẹ̀ pé, kò sì lè sọ pé kò pé. Ẹni tó bá sọ fún yín lónìí pé òun mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ yìí, ó ń tàn yín ni. Màmá, ẹ má bínú. Bọ̀dá Omíyalé, ẹ má bínú."

Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń lá òpó ilé lábẹ́ wa. Nínú ọkàn mi, mo ti ń di ẹrù.

Bàbá náà bá rẹ́rìn-ín. "Àwọn àlejò ti wá síbí lóríṣiríṣi," ló wí. "Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló mọ gbogbo nǹkan. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa wọ ọkọ̀ wá sọ fún wa pé òun ò mọ̀. Gún mi."

Bó ṣe di pé wọ́n tò nìyẹn. Màmá Omíyalé kò jẹ́ kí bàbá náà ṣáájú òun. Ó jókòó, ó na apá, kò sì wo abẹ́rẹ́, ojú mi ló ń wò.

"O ò bá mi sọ ọ́," ó ní jẹ́jẹ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ó dáa," ó ní. "Tíṣà tó wà níbí nígbà yẹn, kì í purọ́ bákan náà."

Oríòkè-Ìwàmímọ́

Lọ́jọ́ kejì a kọjá sí Oríòkè-Ìwàmímọ́ láti gba ti àwọn àgbà ibẹ̀. Ìlú tí ìjọ kan dá sílẹ̀ ni, ó sì dákẹ́ lọ́nà kan tó mú mi máa fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ẹni mẹ́ta ló bi mí bóyá mo ti jẹun kí n tó jókòó. Ìgbà tí mo sọ pé mo ti jẹ, wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Yìnyín mi ti ń yọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì gbagidi, torí bó bá dì, awọ hóró rẹ̀ á fọ́. Ìyàwó ilé kan tó ń ta omi tútù kó gbogbo yìnyín rẹ̀ fún mi, ó tún bá mi fi aṣọ wé ìgò ẹ̀jẹ̀ náà kí yìnyín má bàa kàn án. Àwọn àgbà ìjọ wá yí àpótí náà ká, wọ́n kọrin lé e lórí, wọ́n gbàdúrà fún un pé kó délé láyọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, kò sẹ́ni tó kọrin fún un rí.

Mo bi ìyá àgbà kan níbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá ti ń gbàgbé láàárín wọn.

"A máa ń tún un sọ fún un," ó ní.

Ọ̀nà ẹ̀yìn

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, a bá Màmá Omíyalé nínú ọkọ̀. Ó ti jókòó síwájú, ó wé gèlè.

"Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Ìgbà wo la ń jẹ́ kí àlejò dá lọ?"

Kò sọ̀kalẹ̀. A gbéra pẹ̀lú rẹ̀, èmi, Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùn àti àpótí mi. Mọ́tò ti ń dúró dè mí ní Igbókòdá, ẹ̀jẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ dé ilé àyẹ̀wò kí ilẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ tí àwọn àgbà fara dà di asán.

A kò tíì rìn jìnnà tí a fi kan ewéko. Afẹ́fẹ́ òru ti gbá ewé ojú omi jọ, ó dí ojú odò láti etí dé etí, ó tutù yọ̀yọ̀ bí oko ẹ̀fọ́. Omíyalé gbìyànjú láti là á, ewé ká mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì kú. Ó fi ọ̀bẹ gé e, ó tan án, ó tún kú.

"Àfi kí a gba ojú òkun," ó ní. N kò fẹ́ kí ẹ mọ bí ojú mi ṣe rí nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Màmá kò yíjú. "Ọ̀nà ẹ̀yìn wà," ó ní. "Èyí tí a ń gbà gbé ẹja lọ ọjà kí ẹ́ńjìnì tó dé."

"Màmá, ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ mọ́."

"Omi ò kúrò níbẹ̀. Gbé ọ̀pá fún mi."

Ọmọ wo ìyá. Ó wò mí, ó wo àpótí. Ó gbé ọ̀pá ìtukọ̀ fún un.

Ó dìde dúró. Ẹ̀yin èèyàn, ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Ó fi ọ̀pá tì wá wọ inú ihò kan láàárín igi ẹ̀gbà tí n kì bá tí rí láéláé. Inú rẹ̀ tutù, ó dúdú díẹ̀, ẹ̀ka ń gbá wa lórí. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ní orígun kọ̀ọ̀kan ó ń sọ ìtàn: níbí ni bàbá òun ti pa ọ̀nì, níbí ni òun ti fi àwọ̀n tuntun ṣòfò, níbí ni bàbá Omíyalé ti kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀ tí òun ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ti gbàgbé láti bẹ̀rù.

Ọ̀nà wá pín sí méjì.

Ó gbé ọ̀pá sókè, omi ń kán lára rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún. Ọkọ̀ ń fẹ̀gbẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

"Omíyalé," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. "Ọ̀nà náà wà lọ́kàn mi nísinsìnyí ni. Ó ti lọ."

Mo rí bó ṣe di ọ̀pá náà mọ́ra, mo sì mọ̀ pé òun náà mọ̀ pé òun ń gbàgbé. Gbogbo ìgbà tó ń jà fún àjẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀.

Omíyalé rọra rìn wá síwájú ọkọ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò gba ọ̀pá náà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé orí ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ kì í kọrin kan fún mi tí a bá dé ìhín? Ẹ̀yìn yín ni mo máa ń wà nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa ń pọ̀n mí. Ó ní ìyáálé nínú."

Ètè ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Orin bá jáde, bíi pé ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́ nínú rẹ̀:

"Ìyáálé lọ́tùn-ún, kò gbàlejò,
Ìyàwó lósì, ó ṣílẹ̀kùn."

"Òsì!" ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

A gba òsì. Kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ fi là, tí a já sí odò ńlá, tí ewéko wà lẹ́yìn wa. Ẹ́ńjìnì tan. Màmá jókòó, ó gbé orí lé èjìká mi, ó sùn.

Ìgbà tí a dé Igbókòdá ló jí. Ó wo ọjà, ó wo wa.

"Ta ló wà wá dé ìhín?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá," ni Omíyalé wí.

"Èmi?" Ojú rẹ̀ là. Ó yí sí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó wà létí omi. "Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo wa àlejò dé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Omíyalé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Láti ọ̀la, màá gbé àjẹ̀ yín jáde. Ṣùgbọ́n a ó jọ máa lọ ni. Ẹ̀yin níwájú, èmi lẹ́yìn."

Ó wò ó dáadáa. "Ṣé o mọ ọkọ̀ wà?" ló bi í.

Ìpè kan láti orí omi

Ẹ̀jẹ̀ náà délé ní tútù, kò dì, kò sì gbóná. Nọ́ńbà ni a kọ sára ìgò, nítorí náà, nígbà tí mo fi ojú sí maikirosikóòpù, n kò mọ hóró ta ni mo ń wò. Ohun tí yóò jáde níbẹ̀, ọ̀gá mi ṣì ń wá a. Ẹ má tíì bi mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùn pè mí. Ó ní lójoojúmọ́ ni ìyá àti ọmọ ń jáde lọ dẹ àwọ̀n edé, wọ́n sì ń jà lórí omi tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo Molútẹ̀hìn ń gbọ́. Ìyá fẹ́ lọ sí apá òkun, ọmọ á yí ọkọ̀ padà, ìyá á bú u, wọ́n á pa edé bọ̀. Ó ní kí n dúró, kí n kí Màmá.

Mo gbọ́ ohùn ìyá náà. "Ta nì yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, Màmá. Ẹni tó wá gba ẹ̀jẹ̀. Ará Ṣakí."

Mo mọ̀ pé kò rántí mi, kò sì dùn mí tó bí mo ṣe rò.

"Ṣakí," ó ní. "Ibo nìyẹn? Ṣé omi wà níbẹ̀?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ sí, Màmá. Àpáta ló pọ̀."

"Ẹ̀yà," ó ní, àánú mi ṣe é gan-an. "Máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọma mi. Tiwa pọ̀."